Camry 1994 mi ń gbọ̀n tí mo bá dúró: ṣé timing belt ló fo eyín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Toyota Camry 1994 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 5S-FE, onísìlíńdà 4, èyí tó ṣì ń lo distributor (ohun tó ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì). Láti ìgbà tí wọ́n ti bá mi pààrọ̀ timing belt rẹ̀ (bẹ́líìtì eléyín tó so crankshaft, ọ̀pá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, mọ́ camshaft, ọ̀pá òkè tó ń ṣí fáàfù) lóṣù tó kọjá ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Tí mo bá dúró nínú gosílóò, tí jíà wà ní D, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n jìgìjìgì. RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á já sí 500, á tún gun 900. Tí mo bá ti tẹná báyìí, á rọlẹ̀, àmọ́ kò lágbára láti gun òkè bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo ti pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, mo ti fọ throttle body (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), mo sì wo gbogbo rọ́bà vacuum bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. N ò rí nǹkan kan.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí: mo fi wáyà so TE1 mọ́ E1 (ihò méjì nínú àpótí àyẹ̀wò ọkọ̀ náà), mo tan timing light (iná tí a fi ń wo àsìkò tí pulọ́ọ̀gì ń tanná) sí i. Kó tó lè dúró sí 10 BTDC (ìwọ̀n digírì 10 kí písítìnnì tó dé òkè pátápátá) bí ìwé ṣe wí, àfi kí n yí distributor dé òpin ibi tó lè yí dé. Bẹ́ẹ̀, camshaft ló ń yí distributor náà. Ìyẹn ni mo ṣe rò pé eyín kan ti yẹ̀.

Tí mo bá gbé crankshaft sí àmì 0, tí mo yọjú wo ihò kékeré ara pulley òkè (àgbá eléyín tó wà lórí camshaft), ṣé ìyẹn tó láti fi mọ̀? Àbí sensor ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí, ẹ bá mi dá sí i.