Ìdáhùn: "eruku" kọ́, wóró ni; ẹ sì fi àmì sórí "aruèéfín" yẹn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Kàdúná ní ká máa pe àwọn tíntìntín tí wọ́n fi ń ṣe èéfín nínú kàtúùnù orí kọ̀ǹpútà ní "eruku", ká sì máa pe ibi tí wọ́n ti ń jáde ní "aruèéfín". Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n méjèèjì há mi lọ́fun.

Ẹ jẹ́ ká mú eruku. Ó jọ pé ọyẹ́ ló wà lójú fèrèsé yín nígbà tí ẹ ń kọ ọ́. Èmi náà ń gbé Kubwa l'Ábùjá, mo mọ ohun tí ọyẹ́ ń fojú aṣọ funfun rí. Àmọ́ kì í ṣe èéfín nìkan ni wọ́n ń fi nǹkan yìí ṣe. Nígbà tí William Reeves, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán ní Lucasfilm, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, kọ̀wé lórí ọgbọ́n náà ní 1983, iná ni wọ́n ti fi ṣe níbẹ̀, ó sì fi koríko hàn nínú ìwé kan náà. Lónìí, nínú Blender, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe kàtúùnù, òun ni wọ́n fi ń ṣe òjò, òun ni wọ́n fi ń ṣe irun orí èèyàn. Ẹ̀gbọ́n, eruku irun ni ká máa wí?

Wóró ni tèmi. Wóró ṣeé kà. Ta ló ka eruku rí? Blender sì ń kà á: bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 1000 wóró ló máa kó fún yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan á lo 50 fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tò pọ̀ di fíìmù) láyé kó tó kú, ìyẹn á fi díẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ bí fírémù 24 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ kò bá sì bu agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀ kù, gbogbo wọn á já sílẹ̀ bí ẹ̀wà tó dà nù. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kì í rántí èyí. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ dúró ti onísúyà nírọ̀lẹ́: èéfín á ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ẹyín iná, bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀, bó ṣe ń fẹ̀ ló ń ṣá, atẹ́gùn á wá lọ́ ọ. Ohun tó yẹ kí wóró ṣe nìyẹn: a lẹ àwòrán èéfín kékeré mọ́ ọn, á máa tóbi, á máa ṣá, títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé.

Ó wá ku "aruèéfín". Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ gbé àmì òkè sí? Rú ni èéfín ń rú, "arúèéfín" ló yẹ kí ẹ kọ. Àwọn àgbà ní, "Èéfín nìwà, rírú ní í rú." Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Zaria, bí ọkọ̀ bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, "Ó ti ń rú èéfín bọ̀" ló máa ń wí, mi ò sì gbọ́ ohùn àárín lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ru tí ẹ kọ yẹn, rù ti ẹrù ni, tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ohùn àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e. Aláàárù lẹ dá sílẹ̀ o! Ohun tó tiẹ̀ ń bí mi nínú ni pé aruèéfín yẹn ì bá bá wóró fúnra rẹ̀ mu, torí òun ló ru àwòrán èéfín.

Àbúrò tó ní ká kúkú lo "orísun" kó lè gba òjò àti irun mọ́ra, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n orísun kàn jókòó sójú kan ni. Ọ̀rọ̀ tí ìṣe wà nínú ẹ̀ ni mò ń wá.

Ẹni tó sì ní "ẹ̀ẹ́fín" ló tọ̀nà, tó fi oyè yunifásítì rẹ̀ gbá a lẹ́yìn, bí ìyá mi ṣe ń pè é ni mo ṣe ń kọ ọ́.