Èsì: Kí la ó pe ibi tí ojú kámẹ́rà dé?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Mo ti ka àbá méjèèjì tó wà nílẹ̀ lórí ohun tí àwọn oní-GIS (àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí máàpù) ń pè ní viewshed, ìyẹn gbogbo ibi tí ojú dé láti orí òpó tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà ààbò kọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkòròdú ní ká pè é ní "ìwòye". Àǹtí tó dá wọn lóhùn ní "agbègbè ìríran" ló tọ́. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "ìwòye" ò lè ṣe é. Tí mo bá sọ fáwọn àgbà àdúgbò pé mo fẹ́ fi ìwòye kámẹ́rà hàn wọ́n, èrò ọkàn kámẹ́rà ni wọn yóò máa retí. "Ìríran" náà ti ní ẹni tó ni ín: ìjọ aláṣọ funfun ti gbà á tipẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé "ojúdé", kó rántí pé lẹ́nu àwa Ìjẹ̀bú, "ojúde" ò jìnnà, ohùn kan péré ló là wọ́n.

Kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe gan-an? Ó pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gíga tirẹ̀. Ó wá fa ìlà tààrà láti ojú kámẹ́rà lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ohunkóhun lójú ọ̀nà bá ga kọjá ìlà yẹn, ó kọ 0. Bí kò bá sí, ó kọ 1. Ó parí. Kò mọ ẹni tó ń kọjá, kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú. A sì ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá èyí mu rẹ́gí: fojú kàn. "N ò fojú kàn án láti àná." Nítorí náà, "àfojúkàn" ni mo dábàá fún àwọn ibi tó gba 1, kí "ìfojúkàn" jẹ́ orúkọ ìṣírò náà fúnra rẹ̀, bí a ṣe ní "àkójọ" àti "ìkójọ".

Àwọn ibi tó gba 0 ńkọ́? Mo rí i tí ẹnì kan kọ "ojú afọ́". Kò sóhun tó fọ́ lójú kámẹ́rà, ògiri ló dí i. Kọ́lọ́fín ni, ọmọdé tó ń ṣe bojúbojú gan-an mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbé kámẹ́rà sórí òpó kan lójú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sétí ọ̀sà. Ìyá kan ra ẹja ní ọjà Olúwo, ó ń gun òkè bọ̀. Abọ́ ẹja orí rẹ̀ ni kámẹ́rà á kọ́kọ́ fojú kàn, lẹ́yìn náà gèlè, lẹ́yìn náà ojú. Ẹsẹ̀ ló kẹ́yìn, torí etí òkè ló dí i. Bí ẹ bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé gíga ohun tí ẹ ń wá jẹ́ 0, á ní kọ́lọ́fín ni ibi tó dúró sí. Ẹ kọ mítà 1.5, àfojúkàn ni. Òótọ́ ni méjèèjì. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ máa dá rìn: "àfojúkàn ilẹ̀", "àfojúkàn orí".

Àǹtí béèrè pé ṣé ẹni tí kámẹ́rà fojú kàn, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn? Rárá o. Ìlànà IEC 62676-4 ti ọdún 2014, láti ọwọ́ àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún ohun èlò iná mànàmáná, ya àwọn ìpele yìí sọ́tọ̀. Píksẹ́lì (àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 25 sí mítà kan, ẹ ó kàn mọ̀ pé nǹkan kọjá ni. 125, ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á ní òun ni. 250, ẹni tí kò rí i rí pàápàá á lè tọ́ka sí i láìṣiyèméjì. Mo fẹ́ ká pè wọ́n ní ìwọ̀n fìrí, ìwọ̀n ojúlùmọ̀ àti ìwọ̀n àlejò. Tàwọn ìjìnnà àti lẹ́ńsì nìyẹn, kì í ṣe ti máàpù.

Nípa máàpù gíga ilẹ̀: oríṣi méjì ni, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní "ilẹ̀ ìhòòhò" àti "ilẹ̀ aláṣọ". Ti aláṣọ ní ilé àti igi. Ti ìhòòhò kò ní ilé, kò ní igi, gbogbo àdúgbò á fẹ́rẹ̀ẹ́ di àfojúkàn, tí olè á sì máa rẹ́rìn-ín. Dátà ọ̀fẹ́ tí ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Endeavour ti Amẹ́ríkà fi rédà kó jọ ní oṣù kejì ọdún 2000 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́rin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mítà 30. Ní Pópó-Ọba, ilé, ọ̀nà àti igi máńgòrò á jọ wọ inú ẹyọ kan. Fún kámẹ́rà, ilẹ̀ aláṣọ tí dúróònù yà lẹ́nu àìpẹ́ ni kẹ́ ẹ lò.

Ó ku ibi tí kámẹ́rà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ fojú kàn. "Àfojúkàn àjọni" ló wà lẹ́nu mi, àmọ́ "àjọni" ń mú ọ̀rọ̀ ogún bàbá wá sí mi lọ́kàn. Àǹtí, ẹ bá wa wá èyí tó sàn jù.