"Ìsédò" kọ́, odi eèrí ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi síta fún ìwé kékeré tí wọ́n fẹ́ túmọ̀, ìwé tó ń kọ́ àwọn ọlọ́dẹ àti òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ níbi ìwakùsà, ìyẹn dáàmù tí wọ́n ń da tailings sí, òkúta tí wọ́n ti lọ̀ kúnná pọ̀ mọ́ omi, tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wúrà tàbí bàbà inú ẹ̀ tán. Wọ́n pe dáàmù náà ní "ìsédò ìdọ̀tí kùsà", seepage (omi tó ń rọra gba inú ògiri jáde) ní "ìjò", beach ní "etíkun", risk monitoring ní "ìmójútó ewu", tí ẹnjiníà bá sì sọ pé ògiri ọ̀hún wà ní borderline, wọ́n ní ká kọ "ó wà ní ààlà ààbò". Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn gan-an, àmọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀ ò lè lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín etíkun yẹn tán ná. Beach tí àwọn ẹnjiníà ń sọ, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà láàárín ògiri àti omi tó dá dúró sí àárín ni. Wọ́n máa ń da nǹkan náà láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, yanrìn inú ẹ̀ á kọ́kọ́ balẹ̀ nítòsí, omi á ṣàn lọ sọ́ọ̀ọ́kán, bí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ọkàn ẹni ṣe ń balẹ̀ tó, torí omi ò gbọ́dọ̀ wá fara ti ògiri. Tí ẹ bá wá kọ ọ́ pé kí ọlọ́dẹ máa lọ wo etíkun láàárọ̀ láàárọ̀, á bi yín pé ṣé Badagry lẹ ní kóun máa lọ ni. "Bèbè gbígbẹ" tó o jàre. "Tí bèbè gbígbẹ bá ń dín kù, ẹ pe ọ̀gá." Ó ti yé gbogbo ayé.

Ó wá kan ìsédò. Odò wo la sé? Ọ̀rọ̀ yẹn dáa fún Kainji, ó dáa fún Àṣẹ́jìrẹ́ tó sé odò Ọ̀ṣun. Ti kùsà yìí, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ òkè lásán ni wọ́n mọ ọ́n sí, kò sí odò kankan níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó tún ga jù ni pé dáàmù omi, wọ́n á kọ́ ọ tán kómi tó wọ ibẹ̀. Ti kùsà kì í tán, bí wọ́n ṣe ń wa kùsà ni wọ́n ń gbé e ga sí i, ohun tí wọ́n dà síbẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń fi mọ ọ́n, wọ́n tiẹ̀ lè gun orí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí wọ́n mọ ìpele tó kàn lé e lórí. Bí wọ́n ṣe mọ èyí tó wó ní Brumadinho nìyẹn, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais ní Brazil, lọ́jọ́ 25 Jánúárì 2019, tó pa èèyàn 270.

Èmi fara mọ́ "odi". Ilẹ̀ làwọn baba wa fi ń mọ odi, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wú látinú yàrà ni wọ́n ń kó jọ, ẹni tó bá ti rí Erédò Súngbọ́ n'Íjẹ̀bú mọ ohun tí mò ń sọ. Odi yí nǹkan ká, ó ga, ó máa ń ya, wọ́n sì máa ń yan èèyàn tì í láti ṣọ́ ọ. Àǹtí kan ti fèsì pé odi náà là ń pe ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Ìyẹn ò dà mí láàmú, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra pọ̀ lédè wa, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti ẹni tó ní odi ìlú, ọ̀tá ìta ló ń dá dúró, pé ti kùsà, inú ni ọ̀tá wà. Òótọ́ ni. Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi ní ká so eèrí mọ́ ọn, odi eèrí, kẹ́ni tó bá gbọ́ ọ ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ sẹ́ ògì, ẹ kó ògì lọ, eèrí kù sórí asẹ́: bí tailings ṣe rí náà nìyẹn. "Ìdọ̀tí" dà bí ohun téèyàn lè gbá dànù láàárọ̀, èyí ò ṣeé gbá. Ẹ máa ní ewúrẹ́ ń jẹ eèrí, èyí sì lè ní sáyánáídì, májèlé, nínú. Ó dáa, ẹ kọ "eèrí kùsà" níbi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ti máa dárúkọ ẹ̀, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni á gbé ìyẹn fún ewúrẹ́.

Àmọ́ ká tiẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀. "Ìjò" ló bí mi nínú jù, torí odi ilẹ̀ wo ni kì í sun omi? Gbogbo wọn ló ń sun, wọ́n tiẹ̀ máa ń tẹ́ òkúta tàbí páìpù sídìí ẹ̀ kómi lè ríbi gbà jáde. Tó bá jẹ́ pé èyí tó ti ń sun tẹ́lẹ̀ ló dédé gbẹ, tí kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà omi yẹn lè ti dí, kómi máa ga nínú ikùn odi láìsẹ́ni tó rí i. Lédè wa, ohun tó bá ń jò ti bà jẹ́ nìyẹn. Òrùlé ń jò, kẹ́ẹ̀gì ń jò. Tẹ́ ẹ bá ní kí ọlọ́dẹ fóònù nígbàkigbà tí odi bá ń "jò", ojoojúmọ́ lá máa pè, títí ọ̀gá ò fi ní gbé fóònù mọ́. Ẹ lo "sun" fún èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tómi ẹ̀ mọ́, tí kò pọ̀ sí i. Ẹ lo "jò" fún ibi tuntun tàbí èyí tó ń pọ̀ sí i. Èyí tó wá yẹ kó lé gbogbo èèyàn kúrò nísàlẹ̀ ni "rú". Omi tó rú ti ń kó iyẹ̀pẹ̀ inú odi jáde nìyẹn, ó ti ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú títí ihò á fi dé ibi tómi wà. Ohun tí wọ́n ń pè ní piping nìyẹn (ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ "ìfipáìpùṣe", ẹ forí jì mí, kò kan páìpù rárá), mo sì fẹ́ ká pè é ní "ìjẹnú". Sun, jò, rú. Ọlọ́dẹ ò nílò ìwé kó tó mọ ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí, ẹnu ẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún kọ ọ́ pé "dáàmù kékeré, tí ewu rẹ̀ kéré". Háà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Stava, abúlé kan lápá Tesero ní Trentino, ní Ítálì. Odi méjì ló wà lókè ibẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, eèrí ilé kùsà fluorite, òkúta kan tí wọ́n ń wà, ni wọ́n ń dà sí i. Ó di 19 Júláì 1985, lọ́sàn-án, tòkè wó lu tìsàlẹ̀, méjèèjì bá já. Ohun tó tú jáde nínú ẹ̀ ò ju bíi 180,000 kúbíìkì mítà, nígbà tó jẹ́ pé bíi mílíọ̀nù 12 ló wà nínú ti Brumadinho. Ẹ gbọ́ iye tó pa: 268. Ó kù díẹ̀ kó tó ti Brumadinho! Ẹrẹ̀ yẹn sáré tó bíi kìlómítà 90 ní wákàtí kan, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé àwọn èèyàn ló wà lójú ọ̀nà ẹ̀. Odi kékeré ni. Torí náà "ewu" nìkan ò lè gbé risk, ìbéèrè méjì ló wà nínú risk: ṣé ó ṣeé ṣe kó wó, àti pé tó bá wó, ta ló wà nísàlẹ̀? Mi ò ní ká wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un o. Ẹ kọ ìbéèrè méjèèjì sínú ìwé náà bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí "ewu" jókòó jẹ́ẹ́ sí àkòrí.

Stava yìí náà ló jẹ́ kí n ta ko "ààlà ààbò". Lọ́dún 1974 kánsù Tesero béèrè pé ṣé odi wọ̀nyí le dáadáa. Ilé-iṣẹ́ kùsà fúnra ẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò (ẹ kúkú rí i), èsì tó jáde ni pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odi òkè ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, pé bó ṣe dúró yẹn, bíńtín ló kù. Síbẹ̀ wọ́n tún ń gbé e ga fún ọdún púpọ̀ sí i. Ní Jánúárì 1985 apá kan lára odi òkè ti yọ̀ wálẹ̀, wọ́n tún un ṣe, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ wá sọ fún mi, tẹ́ ẹ bá kọ "ó wà ní ààlà ààbò" sínú rípọ́ọ̀tù, kí ni olórí abúlé máa gbọ́ níbẹ̀? "Ààbò" lá gbọ́, á sì lọ sùn. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ kéèyàn gbọ́ á ní "ó kù díẹ̀ kó wó". Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà tó bá ní ó ti le jù, ẹ ní kó fi ọ̀rọ̀ tó dẹ̀ ju ìyẹn lọ sọ ohun kan náà ká gbọ́.

Ìmójútó ńkọ́? Mójú tó, iṣẹ́ alága ni. Ṣọ́, iṣẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀ ni. "Ìṣọ́ odi" ni kí ẹ lò, bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá rò pé ìṣọ́-òru ni, wọn ò kúkú jìnnà sí i, torí òru lòjò ńlá fẹ́ràn láti rọ̀. Liquefaction, "dẹrẹ̀" ti tó: ó wà bí ilẹ̀ lásán, ó kàn dédé di ẹrẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ti Brumadinho dẹrẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣíwọ́ dída nǹkan sí i, sáírìn ò dún, kántíìnì àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, nítorí náà ẹ fi gbólóhùn kan kún un pé odi tí wọn ò lò mọ́ náà, ìṣọ́ ẹ̀ ò tán.

Freeboard ló kù, àwàdà "pátákó ọ̀fẹ́" tẹ́nì kan ṣe yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Àyè tó wà láti orí omi títí dé góńgó odi ni, òjò ni wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún. Ní Merriespruit, South Africa, 22 Fẹ́búárì 1994, òjò alẹ́ kan bá odi tí àyè yẹn ti kéré jù lórí ẹ̀, omi gun orí ẹ̀ kọjá, ó gé e, èèyàn 17 kú. Èmi ní "àyè òjò" lọ́kàn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ kó yáa mú un wá kí ẹ̀gbọ́n tó gbé ìwé lọ tẹ̀, àmọ́ kẹ́nì kan má tún túmọ̀ ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀ bíi "ìgbèéga òmìnira", mi ò gbà á láé.