Bí mo ṣe gba máìkì lọ́wọ́ ẹni tó lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ bí ẹ ṣe di akọrin heavy metal, orin gìtá oníná tó ń dún kíkankíkan, ẹ ṣeun. Ọ̀pọ̀ yín ló dá ẹgbẹ́ heavy metal tiyín sílẹ̀ fúnra yín. Ní tèmi, mo bá ẹgbẹ́ nílẹ̀ ni. Akọrin wọn kó lọ sí Scotland, onílù wọn sì rèé, èmi àti ẹ̀ la jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Birmingham níbí. Ó máa ń gbọ́ orin lẹ́nu mi tí mo bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ló bá ní kí n wá dán an wò.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, báàsì, ohùn ìsàlẹ̀, ni mo sì ń kọ nínú kọ́ọ̀yà láti kékeré. Àwọn orin tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, ohùn tó ń lọ sókè réré ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Mo kọ wọ́n o, àmọ́ tó bá fi máa di orin kẹrin, ariwo lásán ló máa kù. Mo ní ká sọ kíì, ìyẹn ìpele ohùn tí a fi ń kọ orin, kalẹ̀. Onígìtá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní a máa ní láti dẹ wáyà gìtá, bí wáyà bá sì dẹ̀, orin náà á rọ̀ ni, òun á sì tún máa ra wáyà tó nípọn.

Ìtàn ìlú yìí ló gbà mí. Birmingham ni Black Sabbath, ẹgbẹ́ metal olókìkí, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Tony Iommi tó ń ta gìtá wọn, ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi irin ṣiṣẹ́. Wáyà tó le koko ń dun ìka náà, ló bá ń dẹ ẹ́. Nínú àwo wọn ti 1971, àwọn orin kan wà tó dẹ gìtá fún wálẹ̀ dé C♯, ohùn tó wà nísàlẹ̀ ibi tí wáyà gìtá sábà máa ń wà, kò sì sẹ́ni tó lè ní wọ́n rọ̀. Onígìtá wa fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an. Kò jiyàn mọ́.

Nítorí pé èmi náà ti kọ orin tí wọ́n ṣe sí ohùn ẹlòmíì ni mo ṣe máa ń gbèjà akọrin kan tó ń jẹ́ Blaze Bayley níbikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀. Ní 1994 ló gba ipò akọrin Bruce Dickinson nínú Iron Maiden, ẹgbẹ́ metal míì, ohùn tiẹ̀ wúwo ju ti Dickinson lọ, síbẹ̀ alaalẹ́ ló ń kọ orin tí wọ́n ti ṣe sí ohùn ẹlòmíì. Ní 1999, Dickinson padà dé. Àwọn kan ní Bayley ò mọ orin kọ. Mi ò gbà! Ẹ gbọ́ àwọn orin tí wọ́n ṣe nígbà tiẹ̀, tó bá ohùn ẹ̀ mu.

Ti bíbú ohùn bíi kìnnìún, bí àwọn akọrin metal ṣe máa ń ṣe, ńkọ́? Olùkọ́ ohùn kan ló fi hàn mí pé kì í ṣe ká máa fipá há ọ̀fun la fi ń ṣe é. Awọ méjì mìíràn wà lókè awọ tí a fi ń sọ̀rọ̀, àwọn yẹn ni èémí ń gbọ̀n, ìsàlẹ̀ ikùn la sì fi ń ti èémí náà lẹ́yìn. Mo fi fídíò ránṣẹ́ sí màmá mi. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀: “Ṣé eégún ti ń jáde nílùú òyìnbó ni?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohùn ará ọ̀run kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ará ayé, èmi náà sì ti gbọ́ ohùn bẹ́ẹ̀ lójú agbo eégún n'Íbàdàn kí n tó mọ ohun tí ń jẹ́ metal. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju gbogbo ẹ̀kọ́ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ dán ohùn wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ń fa wáyà gìtá wọn dé tàbí ibi tí wọ́n ń dẹ ẹ́ dé, kó sì fi orin wọn méjì kọ́ra ní kíì tiẹ̀ kó tó lọ. Kó mú omi dání. Kó sì sọ kíì tó bá a lára mu fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó lu ìlù.