Ọ̀gá mi àti yunifásítì fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́ mi lọ́wọ́

Ọmọ Lábù
Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Inú ń bí mi débi pé oorun ò kun ojú mi mọ́.

Mo ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ yẹ inú bátìrì wò. Bí bátìrì bá fẹ́ bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ gbiná, ẹ̀rọ yìí á ti mọ̀ kí ooru rẹ̀ tó yọ síta rárá. Iṣẹ́ PhD mi ni. Èmi ni mo máa ń sùn sí lábù nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ sílé. Èmi ni iná jó lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń jó wáyà pọ̀. Ọ̀gá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, kì í yọjú àyàfi tí àlejò bá ń bọ̀. Tí àlejò bá wá dé, "ẹ̀rọ wa" ni yóò máa pè é. Lọ́jọ́ kan báyìí ó pè é ní "ẹ̀rọ mi" níṣojú mi! Mo kàn ń wò ó ni. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lábù, gbogbo èèyàn ló fún ní tuntun, ó yọ tèmi sílẹ̀ títí mo fi lọ bá a. Kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mò ń sọ ni.

Ní báyìí tí mo ní mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ojú gbogbo wọn là. Ọ̀gá ní òun fẹ́ ìdajì ìpín ilé-iṣẹ́ náà, kò sì ní fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ o, yóò kàn máa gba èmi nímọ̀ràn. Ọ́fíìsì yunifásítì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun tí èèyàn ṣe, náà gbé fọ́ọ̀mù wá, pé kí n kọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i, pé yunifásítì ló ni ín, tí mo bá fẹ́ lò ó kí n wá gba láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti lò ó. Láísẹ́ǹsì lórí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe! Ẹni tó gbé fọ́ọ̀mù náà wá kò tilẹ̀ mọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe.

Ṣé mi ò kúkú lè dá ilé-iṣẹ́ mi sílẹ̀ kí n pa gbogbo wọn tì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Amòfin Jẹ́jẹ́
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kí n tó sọ ohunkóhun: owó ta ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà? Ìwé wo lo fọwọ́ sí nígbà tí o wọ yunifásítì, àti nígbà tí o wọ lábù? Ṣé o ti sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ní gbangba, bóyá ní àpérò tàbí nínú tísíìsì tí wọ́n ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn kò kan ẹjọ́ yìí.

Àjíkẹ́ Kẹ́mísìrì
Àbúrò mi, má dá ọ́fíìsì yẹn lóhùn! Èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, mo po ọ̀dà kan tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Mo kọ fọ́ọ̀mù wọn, mo kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń sún ìpàdé síwájú. Ẹni tí fáìlì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ gba iṣẹ́ síbòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ra nǹkan náà dúró títí, ó sú wọn, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Títí dòní, tí mo bá rí ọ̀dà àwọn yẹn lára irin, orí mi á gbóná. Tèmi dára jù ú lọ! Mi ò tíì sọ ti olórí ẹ̀ka wa nígbà yẹn o, ìyẹn tó ní kí n fi orúkọ ìyàwó òun sí i…

Ẹ̀gbọ́n Tísà
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí sá. Ta ló kọ ìwé tí wọ́n fi rówó ìwádìí? Ẹ̀rọ tí o fi ń wọn ìró, ṣé ìwọ lo rà á? Mo ti tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ PhD sọ́nà tó pọ̀, gbogbo wọn ló máa ń rò pé bí ọ̀gá ò bá sí ní lábù, oorun ló ń sùn. Ibi tí a ti ń bẹ àwọn olówó kí iná lábù má baà kú la wà! Ìdajì pọ̀ jù, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí o pa wọ́n tì? Àìmoore ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Lábù
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ọ̀gá mi. Èmi ni èrò náà sọ sí lọ́kàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ní kò lè ṣeé ṣe. Àwọn ẹ̀yà tí mo fi ṣe àkọ́kọ́, owó àpò mi ni mo fi rà wọ́n, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Àǹtí Àjíkẹ́, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ló yé. Amòfin, ìwé tí wọ́n ní ká fọwọ́ sí nígbà tí a wọlé pọ̀, ta ló ń ka gbogbo wọn? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni iye ìpín tó tọ́ sí ọ̀gá, tí mo bá tilẹ̀ fẹ́ ṣàánú rẹ̀.

Kò Sáré
Kò tọ́ sí ìdajì. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó sílé-iṣẹ́ kì í fẹ́ rí ìpín rẹpẹtẹ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á sá. Ẹ fún un ní díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, kí ìpín náà sì máa wọlé fún un díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe é ni ọdún 4, tí ẹni náà kò ní rí nǹkan kan tó bá lọ kí ọdún àkọ́kọ́ tó pé. Ìwọ náà, jẹ́ kí tìrẹ rí bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀gá bá tún fẹ́ owó, yóò rí i nínú láísẹ́ǹsì. Ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà fún àpẹẹrẹ, tí owó láísẹ́ǹsì bá wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ti ọ́fíìsì, wọ́n á wá pín ìyókù sí mẹ́ta: ti ẹni tó ṣe é, ti ẹ̀ka rẹ̀, ti ilé-ẹ̀kọ́. Ìwọ àti ọ̀gá lẹ jọ máa wà nínú ìdá àkọ́kọ́ yẹn.

Amòfin Jẹ́jẹ́
Ìpín, ìpín, ìpín. Ìpín kí ni? Tí ilé-iṣẹ́ náà kò bá ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ yìí, òfìfo lẹ̀ ń pín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti John Fenn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, òun ló wá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn mólékù ńláńlá inú ara ohun ẹlẹ́mìí, wọ́n sì fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2002. Nígbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún yunifásítì, ó sọ ọ́ bí ohun tí kò jámọ́ nǹkan. Ó wá lọ gba pátẹ́ǹtì lórúkọ ara rẹ̀, ó sì fún ilé-iṣẹ́ kan tí òun náà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní láísẹ́ǹsì. Ilé-ẹjọ́ ní Yale ló ni pátẹ́ǹtì náà. Owó tí wọ́n ní kó san, pẹ̀lú owó agbẹjọ́rò, lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹni tó gba Nobel nìyẹn o.

Àbúrò, mo ṣì ń retí ìdáhùn.

Bàbá Aláríwísí
Ẹ má fi Yale dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Òṣìṣẹ́ yunifásítì ni Fenn, owó oṣù ló ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gba owó iṣẹ́ ló ni ohun tó bá ṣe, àyàfi tó bá fọwọ́ sí ìwé pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Sweden, àwọn olùkọ́ yunifásítì fúnra wọn ló ni àwárí wọn títí di ìsinsìnyí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Jámánì kí wọ́n tó yí òfin padà ní 2002. Ẹ wo Gatorade, ohun mímu àwọn eléré ìdárayá: Robert Cade àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe é ní University of Florida ní 1965, yunifásítì kò kà á sí. Ìgbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé ni wọ́n rántí pé tiwọn ni!

Ẹ̀gbọ́n Tísà
Parí ìtàn náà, Bàbá. Wọ́n gbé Cade lọ sílé-ẹjọ́, ní 1972 wọ́n sì parí rẹ̀ pé kí yunifásítì máa gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún àwọn tó ṣe é. Òfin Jámánì tí o mẹ́nu bà, tí yunifásítì bá gba àwárí, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá mú wá, ẹni tó ṣe é ló ni ín. Ṣé ìyẹn kéré? Larry Page náà, ọ̀kan lára àwọn tó dá Google sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ PhD ni nígbà tó ṣe PageRank, ọ̀nà tí Google fi ń to ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, Stanford ló ni pátẹ́ǹtì náà. Google gba láísẹ́ǹsì, wọ́n fún Stanford ní ìpín, yunifásítì padà tà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 336 dọ́là. Ṣé Google kú?

Bàbá Aláríwísí
Ẹ̀yin olùkọ́, ibi tí owó bá wà lẹ máa ń fàbọ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n Tísà
Ibi tí a gbin nǹkan sí ni a ń fàbọ̀ sí, Bàbá.

Àjíkẹ́ Kẹ́mísìrì
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Mo tún un sọ: má kọ fọ́ọ̀mù yẹn!

Ọmọ Lábù
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo ti ń sọ nìyẹn! Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, yunifásítì kò san kọ́bọ̀ fún mi. Owó díẹ̀ tí mo fi ń jẹun lóṣooṣù, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bátìrì tó gbé iṣẹ́ wá fún lábù ló ti ń wá. Kò kan yunifásítì rárá.

Amòfin Jẹ́jẹ́
Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bátìrì ló san owó ìwádìí lórí bátìrì, àná òde yìí ni mo béèrè owó ta ni.

Kò Sáré
Yéè.

Amòfin Jẹ́jẹ́
Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fún ẹni tó sanwó ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ yàn, pé kí wọ́n fi láísẹ́ǹsì lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fi lọ ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn gan-an, òun ló ni ín pátápátá. Lọ gba ẹ̀dà àdéhùn náà. Lọ wá gbogbo ìwé tí o fọwọ́ sí lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú, títí kan èyí tí o fọwọ́ sí ní gétì nígbà tí o lọ wo ilé-iṣẹ́ wọn. Mi ò ṣàwàdà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òfin Bayh-Dole ti 1980 ní Amẹ́ríkà ti fún yunifásítì ní gbogbo àwárí tí wọ́n bá fi owó ìjọba ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùwádìí kan ní Stanford lọ kọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Cetus, ó fọwọ́ sí ìwé wọn pé òun gbé ẹ̀tọ́ òun lé wọn lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé ti Stanford, ìlérí pé òun máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ló wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ oògùn Roche ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Cetus. Stanford pè wọ́n lẹ́jọ́ títí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, wọ́n sì pàdánù ní 2011.

Bàbá Aláríwísí
Mo rò pé ó ní kò sẹ́ni tó sanwó fún un. Àbúrò, o kò sọ eléyìí tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Lábù
Wọ́n kàn sanwó ni! Ìròyìn iṣẹ́ nìkan la máa ń kọ sí wọn, wọn kì í dá wa lóhùn. Ẹ̀yin náà ẹ ti ń fọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà mí, mo ti rò pé ẹ máa tì mí lẹ́yìn.

Tísíìsì mi kò tíì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, oṣù tó ń bọ̀ ni wọn máa gbé e síbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù láti máa sọ pé kí n dúró, torí mo ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Olùdókòòwò kan ti san apá kan nínú owó rẹ̀. Ó béèrè pé ṣé èmi nìkan ló ni ẹ̀rọ náà, mo fọwọ́ sí i pé èmi nìkan ni. Kí ni kí n wí? Tí mo bá ní ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀, ṣé á sanwó? Gbogbo ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò Sáré
Kì í ṣe gbogbo wa o! Má ná nínú owó yẹn mọ́.

Bàbá Aláríwísí
Èmi ò sí nínú eléyìí mọ́.

Àjíkẹ́ Kẹ́mísìrì
Àbúrò, kọ fọ́ọ̀mù yẹn.

Amòfin Jẹ́jẹ́
Gbọ́ mi dáadáa. Ìwé tí o fọwọ́ sí fún olùdókòòwò yẹn ni iná tó wà lórí òrùlé, ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ lè dúró. Wá agbẹjọ́rò tìrẹ, tí kì í ṣe ti yunifásítì, tí kì í ṣe ti olùdókòòwò. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ sọ òótọ́ fún olùdókòòwò kó tó gbọ́ ọ níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn ti bá irú èyí pàdé, wọ́n lè dúró títí láísẹ́ǹsì á fi jáde. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ká a mọ́ ọ lọ́wọ́ ni, ẹjọ́ ẹ̀tàn ló máa dà. Má pa ìméèlì kankan rẹ́.

Lónìí kan náà, ní kí wọ́n má tíì gbé tísíìsì rẹ jáde. Yunifásítì máa ń gbà bẹ́ẹ̀ tí pátẹ́ǹtì bá wà nílẹ̀. Tó bá fi lè jáde kí wọ́n tó kọ̀wé béèrè fún pátẹ́ǹtì, pátẹ́ǹtì Yúróòpù ti bọ́ nìyẹn, Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ mìíràn ló ń fúnni láyè ọdún 1. Lẹ́yìn náà, kọ fọ́ọ̀mù, kí o sì béèrè fún ìwé tó máa fi àyè sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ rẹ láti kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì, tí ẹni tó sanwó ìwádìí kò bá fẹ́ ẹ.

Ọmọ Lábù
Tí mo bá yí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ padà ńkọ́? Tí mo ṣe òmíràn nílé, tí ìró rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun?

Kò Sáré
Rárá. Tí pátẹ́ǹtì bá gba ọ̀nà tí ẹ fi ń yẹ bátìrì wò, bọ́ọ̀dù tó wù kí o lò, abẹ́ rẹ̀ ni ó wà.

Ẹ̀gbọ́n Tísà
Ọmọ yìí kò ní gbọ́. Lọ bá ọ̀gá rẹ. Ó lè jẹ́ òun ló mọ ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ ní ilé-iṣẹ́ bátìrì yẹn.

Ọmọ Lábù
Mi ò lọ bá a. Ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ni mo máa kọ́kọ́ lọ lọ́la, mo sì ti kọ̀wé sí ilé ìkàwé nípa tísíìsì. Mo ti ṣí fọ́ọ̀mù náà báyìí. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú àwárí náà, ṣé dandan ni kí n kọ ti ọmọbìnrin tó ṣe ìṣirò tó ń túmọ̀ ìró? Ó ti kúrò ní lábù tipẹ́.

Amòfin Jẹ́jẹ́
Ọmọbìnrin wo?