Ẹ̀yin tí ẹ kó ìdílé yín lọ sí Erékùṣù Èkó pẹ̀lú owó tí kì í lé sí i, kí ni ojú yín rí?

Bàbá Bódìjà:
Mo kí gbogbo ilé. Láti ọdún 2022 ni mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ₦142,000 ni mo sì ń gbà lóṣooṣù látìgbà náà. Ọjà ń gòkè, owó tèmi kò mira. Ní oṣù tó kọjá, ilé-iṣẹ́ tí ìyàwó mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn gbé e lọ sí Victoria Island, wọn kò sì fi kọ́bọ̀ kan kún owó oṣù rẹ̀, tó jẹ́ ₦480,000. Àwa márùn-ún ni a ń lọ: èmi àti òun, ọmọ méjì tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, àti ìyá mi tó ti pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin, tí orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ràn àtẹ̀gùn. N kò wá béèrè bóyá kí n lọ tàbí kí n má lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún mi.

Ìyá Ìbejì Ajah:
Bàbá, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí ẹ tó ka tèmi. Ìlọrin ni a ti wá ní oṣù kẹta ọdún 2023, kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún náà, nítorí náà gbogbo ìṣirò tí èmi àti bàbá wọn ṣe sórí ìwé ti di asán kí àwọn ọmọ tó parí sáà kan ní ilé-ẹ̀kọ́. Owó ilé jẹ́ ₦1,800,000 lọ́dún, a sì rò pé a ti rí i kó jọ. Àṣé owó ilé nìkan kọ́ ni wọ́n ń pè ní owó ilé. Éjẹ́ǹtì gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, lọ́yà gba ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí ìwé àdéhùn tí kò ju ojú ewé mẹ́ta lọ, onílé ní kí a fi ₦200,000 sílẹ̀ nítorí ohun tí a lè bà jẹ́, ₦150,000 sì tún lọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ àti ìgbálẹ̀ àyíká. ₦2,510,000 ni a san kí a tó gbé àga kan wọlé.

Ṣùgbọ́n omi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní ọjọ́ kejì tí a dé, mo fọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì, ẹ̀wù funfun méjì àti ìbọ̀sẹ̀ funfun ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo sá wọn sórí okùn. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, wọ́n ti dà bí ohun tí wọ́n rẹ sínú tíì mọ́jú. Mo tún wọn fọ̀, wọ́n tún pọ́n sí i. Obìnrin kan tó ń gbé lókè wa ń wò mí láti ojú fèrèsé, ó ní, "Àǹtí, irin ló wà nínú omi yẹn, ẹ má fi fọ funfun." Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà fún aṣọ funfun, fún obẹ̀ àti fún omi mímu, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ní ọjọ́ méjì-méjì. Ní Ìlọrin, n kò fi owó omi sínú ìṣirò rí. Ní ọdún yìí, onílé sọ owó ilé di ₦3,000,000.

Àdìsá Àwòrán-Ilẹ̀:
Ajah kì í ṣe erékùṣù.

Ìyá Ìbejì Ajah:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún onílé mi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Òótọ́ ni Àdìsá sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń lé adìẹ. Láti Lẹ́kì lọ, ilẹ̀ tó nà gbọọrọ láàárín òkun àti ọ̀sà ni. Àwọn éjẹ́ǹtì ló fi orúkọ erékùṣù ta ẹrẹ̀ fún yín. Àwa tí wọ́n bí sí Èbúté Èrò ni ará erékùṣù, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn wọlé kí wọ́n tó ṣe Afárá Carter ní 1901. Bàbá Bódìjà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí éjẹ́ǹtì kò ní sọ fún yín. Ìsàlẹ̀ Èkó, Láfíàjí àti Ìta Fájì títí dé Ọbaléńdé kò wọ́n tó bí ẹ ṣe rò, nítorí ilé ẹbí pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń fi yàrá méjì tàbí mẹ́ta háyà fún àlejò, ìyàwó yín yóò sì rí ọkọ̀ wọ̀ láti Ọbaléńdé dé ibi iṣẹ́ láìpẹ́. Ariwo wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ilé ẹbí sì lè ní olórí mẹ́rin, tí kálukú wọn yóò wá gba owó ilé kan náà lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ rí i pé gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé kí ẹ tó san náírà kan.

Lọ́yà Aláìgbàmọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú ṣe tì mí. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ àyálégbé tuntun. Nígbà tí onílé kan ní Ìkòyí béèrè owó ọdún méjì lọ́wọ́ mi, mo tẹ òfin náà jáde, mo gbé ẹ̀wù kóòtù mi wọ̀, mo lọ bá a ní pálọ̀ rẹ̀. Bàbá arúgbó náà kò bá mi jiyàn. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì fi ìka lé ìlà tó sọ pé òfin náà kò dé Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ibi tí ilé ti wọ́n jù gan-an ni òfin yọ sílẹ̀, èmi tí mo jẹ́ lọ́yà kò sì kà á dé ibẹ̀. Mo san owó ọdún méjì. Lẹ́kì, Ajah àti Ìsàlẹ̀ Èkó wà lábẹ́ òfin náà ní tiwọn.

Ṣadé Onísùúrù:
Òfin wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka òfin fún onílé nígbà tí èèyàn mẹ́fà mìíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́?

Ìyá Ìbejì Ajah:
Ọdún méjì ni onílé tèmi náà kọ́kọ́ béèrè. Mo sunkún níwájú rẹ̀ títí tó fi gba ọdún kan, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé ẹ̀tọ́ mi ni mo kúnlẹ̀ fún!

Lọ́yà Aláìgbàmọ̀:
Ẹ̀yin sunkún, ẹ san ọdún kan. Èmi wọ ẹ̀wù kóòtù, mo san méjì.

Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́kì:
Kí a má gbàgbé iná. Àdúgbò wa bọ́ sínú Band A, ìyẹn ìpele àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan sì fò láti ₦68 sí ₦225. Iná kì í lọ mọ́, owó ló ń lọ.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Òkun:
Ẹ má bínú, èmi ń gbé erékùṣù tí Àdìsá kò lè bá mi jiyàn lé lórí. Jersey ni, láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́sàn-án lọ. Ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta ni mo kó kúrò ní Leeds, mo sì rò pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni mo ń lọ. Rárá o. Òfin tiwọn dá dúró. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá gbáko ló lè yá ilé tàbí rà á bó ṣe wù ú. Èmi, iṣẹ́ tí mo wá ṣe ló fún mi ní àyè láti yá ilé, bí iṣẹ́ bá bọ́, ilé bọ́ nìyẹn. Ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sanwó kó tó rí dókítà ní Leeds, ṣùgbọ́n níbí, owó ni a ń san. Ohun tí a ń jẹ, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá, nítorí náà bí ìjì bá dá ọkọ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn pẹpẹ inú ilé ìtajà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Nígbà kan, ọmọ mi kékeré ń béèrè bóyá Ọlọ́run ló kó búrẹ́dì lọ.

Àdìsá Àwòrán-Ilẹ̀:
Mo fara mọ́ Jersey.

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Àdìsá, bí a bá fẹ́ tẹ̀lé ìlà rẹ, Ìkòyí pàápàá kò dá dúró mọ́, nítorí wọ́n ti kó ilẹ̀ dí MacGregor Canal tó là á kúrò lára Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n sì ti dí àbàtà tó wà láàárín Victoria Island àti Lẹ́kì pẹ̀lú.

Àdìsá Àwòrán-Ilẹ̀:
Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sùn lálẹ́ òní.

Ará Ìkòròdú:
Bàbá Bódìjà, ẹ má gbé ibẹ̀ rárá. Mo gbé Lẹ́kì fún ọdún méjì, mo sì kó ìdílé mi padà sí Ìkòròdú ní 2024, níbi tí owó ilé tí mò ń san lọ́hùn-ún ti lè gba ilé mẹ́ta. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde, torí pé Afárá Third Mainland, tí kò pé kìlómítà méjìlá, tí ọkọ̀ ń sá kọjá láìpẹ́ rárá ní ọjọ́ Àìkú, lè gba wákàtí kan àbọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí mo bá dé, mo máa ń sùn nínú mọ́tò títí di aago mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù omi tún lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, ẹni tó bá wà níhà Mile 2 sì lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Marina láti 2023.

Ṣadé Onísùúrù:
Aago mélòó ni ẹ ń padà délé?

Ará Ìkòròdú:
Aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ṣadé Onísùúrù:
Ta ló wá ń gbé Ìkòròdú, ẹ̀yin tàbí ìdílé yín?

Ará Ìkòròdú:
Ohun tí ìyàwó mi náà béèrè nìyẹn.

Àgbà Ìlasàn:
Ẹ̀yin ọmọ, akọ̀wé kékeré ni mí ní 1984 nígbà tí mo kó aya àti ọmọ méjì láti Ìjẹ̀bú Òde wá sí Máròkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island, kí n lè máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Omi máa ń wọ yàrá, ẹ̀fọn kò jẹ́ kí á sùn, ṣùgbọ́n owó oṣù mi ká a. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun fún wa ní ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kátapílà dé. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n sọ pé ó di aláìnílé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ìlẹ̀kùn fún káfíńtà ni, ìlẹ̀kùn ìrókò tó dára, n kò sì lè fi í sílẹ̀ fún kátapílà, nítorí náà mo tú u, mo rù ú sórí, ìyàwó mi gbé ọmọ pọ̀n, a sì bọ́ sójú ọ̀nà. Nígbà tí mo wá rí yàrá gbà ní Ìlasàn, ilé náà kò ní ìlẹ̀kùn. Mo kan tèmi mọ́ ọn. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ṣadé Onísùúrù:
Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya àwòrán ìlẹ̀kùn náà fún wa.

Ọmọ Ọlọ́mọ:
Máròkó ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi tọ́jú rìsíìtì owó ilé ọdún náà sínú àpótí rẹ̀ títí tó fi kú. Ó ti san án títí di oṣù Kejìlá.

Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́kì:
Ilẹ̀ yẹn kan náà ni èèyàn ń fi mílíọ̀nù yá ilé lé lórí báyìí. N kò mọ ohun tí mo lè sọ sí i.

Àgbà Ìlasàn:
Ọmọ mi kò fẹ́ kí n ya ìlẹ̀kùn ní àwòrán, ó ní kí n kọ́kọ́ kùn ún.

Bàbá Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí etí ìyàwó mi, ó sì ní kí n yọ Ìkòyí, Victoria Island àti Lẹ́kì kúrò nínú ìwé mi. Owó tí mo tọ́jú kò pé ₦2,000,000, nítorí náà mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa yàrá méjì àti pálọ̀ ní Ìta Fájì. Ìsàlẹ̀ ilé ni, kò ní àtẹ̀gùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń lọ wò ó.

Ṣadé Onísùúrù:
Bàbá, Ìta Fájì kẹ̀? Ṣé ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ tó wó lu àwọn ọmọ?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Àǹtí Ṣadé. Ọwọ́ lásán ni a fi ń kó bíríkì. N kò sì lè torí rẹ̀ sọ pé kí èèyàn má gbé àdúgbò wa mọ́. Bàbá, bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wo ògiri iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ bóyá wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i pé kí wọ́n wó o. Bí ọ̀dà tuntun bá wà lójú kan ṣoṣo lára ògiri àtijọ́, ẹ fi èékánná họ ọ́ wò. Kí ẹ sì pè mí, mo lè bá yín dé ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ajah:
Kí ẹ sì mú ìbọ̀sẹ̀ funfun kan dání, kí ẹ fi omi ilé náà fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a títí yóò fi gbẹ. Ẹ má sanwó títí ẹ ó fi rí i.

Bàbá Bódìjà:
Mo ti fi ẹyọ méjì sínú àpò. Ọ̀kan yóò wà láìfọ̀, kí n lè fi wọ́n wéra.