Èsì: Àkúdàáyà kọ́ ni DOSBox

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìgbà tí olùkọ́ wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní kọ̀ǹpútà ti gbé ìbéèrè rẹ̀ wá. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun fún ilé ẹ̀kọ́ wọn, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀, QBASIC, ètò àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń kọ ètò, kò sì ṣí mọ́. Ẹnì kan ní kó lo DOSBox, ètò kan tó ń jẹ́ kí àwọn ètò àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ó lò ó, ó ṣiṣẹ́. Ìgbà tó fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí DOSBox jẹ́ fún kíláàsì ni ẹnu rẹ̀ wọhò. Ó wá bi wá pé kí ni ká máa pe emulator, ìyẹn irú ètò bíi DOSBox tó ń ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: àkúdàáyà, afarawé, àti kọ̀ǹpútà àfojúinúwò. Ẹ̀gbọ́n wa kan sì ní ká yéé da ara wa láàmú, ká kọ ọ́ ní ẹ́múlétọ̀, ká máa bá tiwa lọ.

Àkúdàáyà ló dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, mo sì mọ ìdí. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn lára. Ẹni tó kú ní Ọ̀fà, tí wọ́n sin, tí ará ilé sunkún, ká wá bá a ní Kútọnu tó ń ta aṣọ, tó ti láya, tó ti bímọ! Bí olùkọ́ bá ní bẹ́ẹ̀ ni QBASIC ṣe rí lórí kọ̀ǹpútà tuntun, ọmọ tó gbọ́ ọ kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ta ló kú gan-an?

QBASIC kò kú. MS-DOS 5, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbòde, ló bá dé lọ́dún 1991, fáìlì tó wà nígbà náà ló ṣì wà lónìí, ẹyọ àmì kan kò yí padà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà 386, ẹ̀rọ ayé ọjọ́un, tí ẹnì kan fi pamọ́ sí yàrá ẹrù, á ṣí wàrà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ètò oníbíìtì 16 ni (bíìtì ni ẹyọ 0 tàbí 1; 16 ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń kó lẹ́ẹ̀kan, ti òde òní ń kó 32 tàbí 64). Windows oníbíìtì 32 ní apá kan nínú tó ń gba irú wọn lálejò, NTVDM lorúkọ rẹ̀, apá yìí sì gbára lé ọ̀nà kan tí processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ fún àwọn ètò DOS. Bí processor bá ti bọ́ sí ipò bíìtì 64, ọ̀nà yẹn dí. Windows oníbíìtì 64 kò tilẹ̀ gbé NTVDM wá rárá. Títí dé Windows 10, èèyàn ṣì lè rí ẹ̀dà oníbíìtì 32 lò; Windows 11 tó jáde ní 2021 kò ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀. Ìlú ló tú. Ọmọ ìlú wà láàyè, kò kàn ríbi gbé ni.

Bí a bá wá fẹ́ fi dandan wá òkú nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rọ àtijọ́ ni: 386 yẹn, káàdì ohùn Sound Blaster, ojú VGA, gbogbo ohun tó ti di pàǹtí tí DOSBox tún ń gbé dìde. Ibẹ̀ gan-an sì ni àkúdàáyà ti já kulẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí ìtàn àkúdàáyà ṣe ń parí: ará ilé rẹ̀ kan dé ìlú tó sá sí, wọ́n ṣe kòńgẹ́ ara wọn, òkú bá poora. Ti DOSBox yàtọ̀ pátápátá. QBASIC ni ará ilé tó dé yẹn, ó mọ ẹ̀rọ àtijọ́ náà tinú-tòde, iṣẹ́ DOSBox sì ni pé kí ará ilé yìí wò ó, kó bá a sọ̀rọ̀, kó bá a ṣòwò, kó má sì fura. Bó bá fura pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó dá afarawé lábàá kò jìnnà sí òótọ́. Ohun tí mo ń bá a jà lé lórí kò ju ìwọ̀n lọ. Mo lè fara wé ọ̀gá mi nípa pé mo ń tètè dé ibi iṣẹ́ bíi tirẹ̀; kò pọn dandan kí n máa wúkọ́ bó ṣe ń wúkọ́. Ìwà rere la sì sábà máa ń ní kí ọmọ fara wé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sín akólòlò jẹ gbọ́dọ̀ kólòlò, kó sì jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó máa ń há onítọ̀hún lẹ́nu gan-an. Sínsínjẹ ni emulator ń ṣe. Àléébù ẹ̀rọ àtijọ́ wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ mú jáde, pẹ̀lú bó ṣe lọ́ra tó.

Àwọn tó fi Turbo Pascal kọ ètò láyé ọjọ́un á rántí Runtime error 200. Ètò tó bá lo apá tí wọ́n ń pè ní CRT, bó bá ti ń ṣí ni yóò ti ka iye ìgbà tí òun lè yípo kí aago inú ẹ̀rọ tó lù lẹ́ẹ̀kan, yóò fi 55 pín in, kó lè mọ bí òun yóò ṣe máa dúró nígbà tí wọ́n bá ní kó dúró díẹ̀. Nígbà tí processor tó yára ju nǹkan bíi 200 MHz lọ dé, iye náà pọ̀ débi pé èsì pínpín kò gba inú bíìtì 16 mọ́. Ètò á dákú kó tó fi ohunkóhun hàn. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rọ kò bàjẹ́: ó dára jù ni. DOSBox á wá rọra máa wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹ̀rọ ọdún náà lọ́hùn-ún. Ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú F11, yóò tún fà sẹ́yìn sí i. Ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú F12, yóò yára. Afarawé wo ló ń fi ọgbọ́n lọ́ra?

Ẹ sì wo eégún alárè nígbà tó bá gbé Òyìnbó jáde lágbo, imú ṣóńṣó, ọ̀rọ̀ inú imú, ijó tọkọtaya. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé eégún náà ti di Òyìnbó, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé Òyìnbó wo ló kú. Bó ṣe sín in jẹ sí là ń fi owó sí. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní yẹ̀yẹ́ wà nínú sínjẹ. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. N kò rò pé 386 máa bínú.

Ó kù bí a ó ṣe sọ ọ́ di orúkọ. Bí a bá ki ẹ̀rọ bọ àárín, tí a pa sín àti ẹ̀rọ pọ̀, ohun tí etí máa gbọ́ ni asẹ́ẹ̀rọjẹ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ lè rò pé ṣe ló ń sẹ́ ẹ̀rọ, bí ẹni sẹ́ ọmọ. Èyí kò dára. Asínnijẹ ni mo fara mọ́. Ẹ má sọ fún mi pé ènìyàn ni “ni” yẹn ń tọ́ka sí àti pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ènìyàn. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà kì í ṣe ènìyàn, ó sì ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ nílé wa kí ẹnikẹ́ni tó ráyè bi í léèrè.

Kọ̀ǹpútà àfojúinúwò ni n kò lè gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, ohun mìíràn ló ń tọ́ka sí: ohun tí VirtualBox àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní virtual machine. Bí onítẹ̀wé kan ní Ṣómólú bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan tí dráífà rẹ̀ (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá a sọ̀rọ̀) kò kọjá Windows XP, ó lè gbé odindi XP sínú fèrèsé kan lórí kọ̀ǹpútà tuntun rẹ̀, kó máa ti ibẹ̀ tẹ̀wé. (Kó má jẹ́ kí XP yẹn fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì o, láti 2014 ni Microsoft ti fi í sílẹ̀.) Èwo ló wá jẹ́ àfojúinúwò níbẹ̀? Processor gidi ni XP náà ń lò, ọ̀pọ̀ àṣẹ rẹ̀ ń lọ tààrà síbẹ̀ láìsí asínnijẹ láàárín. Láti nǹkan bí ọdún 2005 ni Intel àti AMD ti ń ṣe àyè fún un sínú processor wọn. RAM tó ń jẹ kì í ṣe ti inú àlá. Ìsínjẹ díẹ̀ wà, nítorí káàdì nẹ́tíwọ̀kì àti dísìkì tó ń rí kì í ṣe èyí tó wà ní ti gidi, àmọ́ inú ilé ẹlòmíràn ló ń gbé, ó sì ń lo omi àti iná wọn. Ayálégbé ni. Windows 11 tó wà nísàlẹ̀ ni onílé. Ètò tó wà láàárín wọn, tó ń pín àyè, tó ń rí i pé ayálégbé kan kò wọ yàrá èkejì, kò tún yẹ ká máa wá ọ̀rọ̀ kiri fún un: kíátékà ni, gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n.

Wine, ètò tó ń jẹ́ kí ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux (ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows), ló le jù nínú gbogbo wọn, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń jà nínú ìjíròrò yìí: wọ́n ní lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró fún pé Wine kì í ṣe emulator. Ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì pe ẹ̀dà kankan ní 1.0 títí di 2008. Ohun tó ń ṣe ni pé nígbà tí ètò Windows bá ké sí Windows pé kó ya fèrèsé, kó ṣí fáìlì, Wine á dáhùn, á sì fi èdè tí Linux gbọ́ béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ Linux. Kò sín processor kankan jẹ. Mo kọ́kọ́ rò ó sí alárinà, ṣùgbọ́n bí ojú bá mojú tán, alárinà a máa yẹra, Wine kì í yẹra láé. Bó bá yẹra, ètò náà kú. Ògbufọ̀ ló bá a mu. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń fi ògbufọ̀ pe irú ohun tí QBASIC jẹ́, tó ń ka ètò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ṣe é lójú ẹsẹ̀. Kò burú. Iṣẹ́ kan náà ni: gbọ́ kí o sọ. Àrà tó wà níbẹ̀ ni pé Wine lórí Linux oníbíìtì 64 ń ṣí àwọn ètò Windows oníbíìtì 16 tí Windows 11 fúnra rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ti Rosetta 2 tí Apple gbé jáde ní 2020 yàtọ̀ díẹ̀, nítorí àṣẹ Intel inú ètò gan-an ló ń yí sí ti ARM, irú processor mìíràn, ó sì máa ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ètò tó ṣí. Atúmọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ògbufọ̀.

Sí ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká kọ ẹ́múlétọ̀: n kò bá yín jà. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá wà nínú ìwé, kọ̀ǹpútà ló wà lẹ́nu. Àmọ́ ọmọ tó gbọ́ ẹ́múlétọ̀ ṣì máa béèrè pé kí ló ń ṣe, ìdáhùn náà á sì jẹ́ pé ó ń sín ẹ̀rọ mìíràn jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju QBASIC lọ. Kí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà èdè gbogbo ní nọ́ḿbà tirẹ̀, tó fìdí múlẹ̀, àwọn tó ń tẹ Yorùbá máa ń lo fọ́ǹtì tí ẹnì kan ti yọ àmì tí a kì í sábà lò kúrò nínú rẹ̀, tó ya ẹ, ọ, ṣ tàbí fáwẹ̀lì olóhùn sí ipò rẹ̀. Nínú fáìlì, àmì ilẹ̀ òkèèrè yẹn ló ṣì wà. Ẹ ṣí i lónìí láìsí fọ́ǹtì náà, wótòwótò lẹ máa rí. Asínnijẹ tó bá gbé ẹ̀rọ àtijọ́, ètò ìkọ̀wé àtijọ́ àti fọ́ǹtì náà dìde pọ̀ yóò fi ojú ìwé hàn yín bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ dà á kọ síbòmíràn, yóò tún padà di wótòwótò, nítorí ẹ̀rọ ló sín jẹ, kò fọwọ́ kan lẹ́tà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó, kó fi ẹ sí ipò U+1EB9, ọ sí U+1ECD, ṣ sí U+1E63, kó sì lẹ àmì ohùn mọ́ ẹ́ àti ọ́ lọ́tọ̀, nítorí Unicode kò ní ipò kan ṣoṣo fún wọn. Ẹni tó bá ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nílé, kó má sọ fọ́ǹtì nù o, bó ti wù kó burú tó.

Olùkọ́ wa tún béèrè nínú àfikún rẹ̀ pé báwo ni òun ṣe máa sọ àṣẹ mount tí wọ́n ń tẹ̀ sínú DOSBox kó lè rí fọ́dà kan bíi dísìkì C, mount c c:\qbasic. Àwọn kan ní “so mọ́”, àwọn kan ní “gbé kà”. Èmi a máa sọ pé a fi fọ́dà QBASIC jẹ C, bí a ṣe ń fi èèyàn jẹ Balógun: onítọ̀hún kò yí padà, orúkọ tí wọ́n ń pè é láàfin ló yí. Bí ẹ bá pa DOSBox, oyè náà pin. Bí ẹ bá tún ṣí i, ẹ ó tún fi í jẹ ni, àfi bí ẹ bá kọ àṣẹ náà sí ìsàlẹ̀ fáìlì ìṣètò rẹ̀, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ autoexec sí. Nígbà náà, yóò máa joyè fúnra rẹ̀.